Irú àwàdà wo ló máa ń pa yín lẹ́rìn-ín? Mo fẹ́ mú aláwàdà fún ọjọ́ ìbí màmá mi ní Oǹdó

Ìyá Tóbi (Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́)

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, àbúrò mi ọkùnrin ra tíkẹ́ẹ̀tì fún èmi àti ọkọ mi pé ká wá wo àwọn aláwàdà ní gbọ̀ngàn kan ní Alágbàká. Owó gidi ló san, ìlà iwájú ló gbà fún wa. Aláwàdà kẹta jáde, kò tíì sọ ju gbólóhùn méjì lọ tó fi sọ̀kalẹ̀ wá bá wa. Ó na máíkì sí ọkọ mi pé kí lorúkọ ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ilé wa mọ̀ pé Baba Tóbi máa ń kólòlò, pàápàá tójú bá pọ̀. Orúkọ ẹ̀ há sí i lẹ́nu. Ni arákùnrin yìí bá bẹ̀rẹ̀ sí í sín in jẹ, ó ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ bí ọkọ̀ tó kọ̀ tí ò ṣíná. Gbogbo gbọ̀ngàn ń rẹ́rìn-ín, àbúrò mi náà ń rẹ́rìn-ín. Mo wo ọwọ́ ọkọ mi. Ó di ike omi tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ mú títí ike náà fi wó pọ̀. A ò bá ara wa sọ̀rọ̀ nínú mọ́tò títí a fi délé.

Ní báyìí, màmá wa máa pé ọdún 75 nínú oṣù Kejìlá. Òdòjọmù ní Oǹdó la ti máa ṣe é. Àbúrò mi ní arákùnrin yẹn gan-an lòun fẹ́ mú wá, pé òun ló ń gbóná jù lọ lọ́wọ́lọ́wọ́, pé èmi ni mi ò mọ adùn àwàdà. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí torí pé mo fẹ́ràn àwàdà. Kásẹ́ẹ̀tì Gbenga Adéboyè ló máa ń dún nílé bàbá wa lọ́jọ́ Sátidé tá a bá ń fọṣọ, mo mọ púpọ̀ nínú ẹ̀ sórí.

Ìbéèrè mi rèé: irú àwàdà wo lẹ̀yin fẹ́ràn, kí ló sì mú yín fẹ́ràn ẹ̀? Irú wo ló lè pa ìyá ẹni ọdún 75, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ nínú ẹgbẹ́, àtàwọn ọmọ-ọmọ ẹ̀ tó wà ní yunifásítì lẹ́rìn-ín lójú agbo kan náà? Ṣé ó tiẹ̀ ṣeé ṣe?

Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA

Ẹ kú iṣẹ́ o, mọ́mì. Ẹ bá mi kí dádì, ohun tí wọ́n fojú wọn rí lọ́jọ́ yẹn ò dáa. Àmọ́ yabis, kí aláwàdà máa fi èrò ìwòran ṣe yẹ̀yẹ́, lèmi fẹ́ràn jù. Tí aláwàdà bá ti há ọ̀rọ̀ ẹ̀ sórí wá látilé, mo máa ń mọ̀, ṣe ló máa ń dà bí ẹni ń ka ìròyìn. Ṣùgbọ́n kó sọ̀kalẹ̀ sáàárín èrò, kó rí ẹnì kan tó wọ bàtà aláwọ̀ méjì, kó wá látorí bàtà yẹn dé ọ̀dọ̀ lánlọ́ọ̀dù ẹni náà, dé ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́bìnrin ẹ̀, láìdúró mí, ẹ̀bùn nìyẹn. Lọ́dọ̀ wa níbí, tá a bá ń ṣe ayẹyẹ dípátímẹ́ǹtì, ẹni tí wọn ò bá yabis ló máa ń bínú pé wọ́n fo òun. Ẹni tó bá sì jókòó níwájú, ó mọ ohun tó ń bọ̀.

Alága Ìdúró

Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA, ọmọ mi, mo gbọ́ ẹ, àmọ́ ohun tó ò ń pè ní yabis yẹn, iṣẹ́ òòjọ́ mi ni. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ṣe alága ìdúró, ní Àkúrẹ́, ní Oǹdó, títí dé Ọ̀wọ̀ àti Ìkàrẹ́. Kò sí ìdána tí n kì í bú ẹbí ọkọ. Màá ní wọ́n pẹ́ dé. Màá ní kí wọ́n jáde, kí wọ́n tún un wọlé. Màá gbowó ẹnu ọ̀nà. Màá ní ìdọ̀bálẹ̀ wọn ò kanlẹ̀. Inú wọn sì máa ń dùn, wọ́n á tún máa ná mi lówó. Ohun tó fà á ni pé gbogbo ohun tí mo fi ń bú wọn, wọ́n lè tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Mo ní ìdọ̀bálẹ̀ ò kanlẹ̀, wọ́n á tún dọ̀bálẹ̀, àyà á kanlẹ̀, agbo á pariwo. Mo ní wọ́n láhun, wọ́n á kówó síta. Ẹni tó ń kólòlò, kí lo fẹ́ kó kó síta?

Bàtà aláwọ̀ méjì tó o sọ, ẹni tó wọ̀ ọ́ ló fowó ara ẹ̀ rà á, fi ṣẹ̀fẹ̀ bó ṣe wù ẹ́. Àmọ́ bí Ọlọ́run ṣe dá èèyàn, àìrọ́mọbí, ọ̀rọ̀ opó, gbèsè, n kì í fọwọ́ kàn wọ́n. Mo sì máa ń béèrè. Kí ọjọ́ tó pé, mo máa ń pe ìyá ọkọ lọ́tọ̀, màá pe ìyá ìyàwó lọ́tọ̀, màá ní: ta lẹ ò fẹ́ kí n pè jáde? Wọ́n máa ń sọ fún mi. Ìyá ìyàwó kan ní kí n ṣáà má dárúkọ ewúrẹ́ lójú agbo. N ò bi í nídìí, n ò sì dárúkọ ẹ̀.

Ìyá Tóbi, tẹ́ ẹ bá ní kí n sọ èyí tó wù mí, àwàdà tó ní orin àti ègbè nínú ni. N ò lè jókòó kí ẹnì kan máa bá mi sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan kí n má lanu. Ara mi ò ní gbà á.

Oníṣòwò Arákalẹ̀

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́ síra wa. Stand-up, kí ẹnì kan dá dúró pẹ̀lú máíkì kó máa ṣàwàdà, kì í ṣe ti Yorùbá. Tíátà ni tiwa. Ẹ wo àwọn tó gbé e ró ní Nàìjíríà: Ali Baba, Okey Bakassi, Basketmouth, I Go Dye. Pidgin ni wọ́n fi ń ṣe é. AY náà, ọmọ Warri ni. Ẹ wá ẹni tó gbọ́ Pidgin dénú fún màmá, kẹ́ ẹ fi ti èdè Yorùbá sílẹ̀. Àwàdà Yorùbá ti máa ń gùn jù.

Tísà Àgbà

Ọ̀rẹ́ mi ní Arákalẹ̀, ẹ jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ méjì ṣe. AY kì í ṣe ọmọ Warri. Ọmọ Ìfọ̀n ni, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́, ìpínlẹ̀ Oǹdó wa níbí. Warri ló dàgbà sí, ibẹ̀ ló sì ti mú Pidgin yẹn.

Èkejì. Tẹ́ ẹ bá ń sọ nípa ká ra tíkẹ́ẹ̀tì, ká jókòó sí gbọ̀ngàn láti wo aláwàdà nìkan, òótọ́ ni pé ìyẹn ò pẹ́. Ọdún 1995 ni Opa Williams bẹ̀rẹ̀ Nite of a Thousand Laughs, ó sì sọ ọ́ di ohun tí èèyàn ń tìtorí ẹ̀ jáde nílé. Baba Sala, Moses Ọláìyá ará Iléṣà tó kú lọ́dún 2018, tíátà ni tiẹ̀ lóòótọ́: ẹgbẹ́ òṣèré wà lẹ́yìn ẹ̀, ìgò ojú gbàǹgbà, táì ńlá, aago lọ́rùn. Ṣùgbọ́n kí lẹ fẹ́ pe Gbenga Adéboyè? Ẹnì kan ṣoṣo pẹ̀lú máíkì. Ó ń jẹ́ Alhájì, ó ń jẹ́ Pásítọ̀, ó ń jẹ́ Olúwo, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń bá ara wọn jiyàn lẹ́nu ẹ̀, kò sì dárúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ìwọ tó ò ń gbọ́ ọ lórí rédíò á sì mọ̀. Ọdún 2003 ló kú, a ṣì ń fi ọ̀rọ̀ ẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ lónìí. Gbenga Adéyinká ńkọ́, tó ń gbé ètò àwàdà ẹ̀, Laffmattazz, káàkiri ìlú Yorùbá, tó ti gbé e dé Àkúrẹ́ níbí?

Kódà ká kúrò níbẹ̀. Kí èèyàn kan dá dúró lójú agbo lóru, kó máa fi ọ̀rọ̀ na oníwà burúkú, kí ìlú máa rẹ́rìn-ín, a ti ń ṣe é nínú ẹ̀fẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ Pidgin.

Èmi, ìtàn ni mo fẹ́. Kí aláwàdà fara balẹ̀, kó mú mi wọ ilé kan, kí n mọ ibi tí ìkòkò wà, kí n mọ ohùn ìyàwó ilé, kó tó wá yí i padà mọ́ mi lójú. Gígùn tẹ́ ẹ ní ó gùn yẹn, òun ni adùn ẹ̀.

Ọmọ Kétu

Tísà, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Kékeré ni mo fẹ́ fi kún un: ẹ̀fẹ̀ kì í ṣe tiyín lápá Oǹdó, tiwa ni, Kétu àti Yewa. Orin ló sì ń kọ, kì í kàn ṣe ọ̀rọ̀ sísọ. Òru ni ti ẹ̀fẹ̀, nígbà tílẹ̀ bá mọ́ ni ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Àwọn ìyá wa ni wọ́n sì ń fi tù nínú. Ẹni tó jalè, ẹni tó parọ́, ẹni tó fi agbára jẹni, àwọn ni ẹ̀fẹ̀ ń kọrin sí.

Akólòlò Kan (Ọ̀bá-Ilé)

Láti ìgbà tí mo ti ka ọ̀rọ̀ Ìyá Tóbi láàárọ̀ ni mo ti ń rò ó. Èmi náà ń kólòlò láti kékeré. Mo mọ ohun tó ṣe ike omi yẹn.

Ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ alága pátápátá. Tẹ́ ẹ bá ní kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ akólòlò ṣàwàdà mọ́, ẹ ti yọ àwa náà kúrò lójú agbo nìyẹn. Ọmọ Amẹ́ríkà kan wà, Drew Lynch, tó ṣe ipò kejì ní America's Got Talent, ìdíje orí tẹlifíṣọ̀n, lọ́dún 2015. Bọ́ọ̀lù ló bà á lọ́fun níbi tó ti ń ṣeré tó fi di akólòlò. Ó dúró sórí sítéèjì, ó ń kólòlò, ó sì ń fi kíkólòlò ẹ̀ pa wá lẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wò ó, mo tún fídíò yẹn wò ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Òun fúnra ẹ̀ ló mọ ibi tí ọ̀rọ̀ á ti há, ó ń lò ó bí onílù ṣe ń lo ìdákẹ́jẹ́. Ẹ̀rín yẹn ò dùn mí rárá. Ṣe ló dà bíi pé ẹnì kan ṣílẹ̀kùn fún mi.

Ohun tó dùn Baba Tóbi ni pé wọ́n na máíkì sí i, wọ́n sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀ kó tó sọ ọ́ tán. Ká ní aláwàdà yẹn dúró, kó jẹ́ kó dárúkọ ara ẹ̀ tán, kó tó ṣe yẹ̀yẹ́ ohunkóhun mìíràn, ì bá má dà bẹ́ẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA

Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, ẹ̀gbọ́n. Mi ò rò ó débẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ṣì fẹ́ràn yabis o, ṣùgbọ́n mo gba ọ̀rọ̀ alága pé ohun tí èèyàn lè tún ṣe ni ká fi bú u.

Ọmọ Èkìmògún (Òkè-Lísà, Oǹdó)

Ìyá Tóbi, ẹ̀ka èdè Oǹdó ni kẹ́ ẹ fi ṣe é! Mo bẹ̀ yín. Ẹ má lọ mú ẹni tó máa ti Èkó wá, tó jẹ́ pé gbogbo ohun tó mọ̀ nípa wa ni kó máa pariwo "eghó" àti "ulé" kí àwọn ará ibòmíràn máa fi wá ṣe ará oko. Ọ̀rọ̀ yẹn ti sú mi. Àwàdà kọ́ ni pé a ò pè é ní "owó" àti "ilé".

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí níbi òkú àgbà kan ní Yaba ti Oǹdó níbí lọ́dún tó kọjá. Ọmọkùnrin kan tó jẹ́ ọmọ ìlú dìde, èdè Oǹdó ló ń sọ. Ó ní ìyá òun àgbà lọ gbowó ní báńkì, ọmọbìnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ ní, "Mọ́mì, PIN yín ńkọ́?" Ọmọkùnrin yìí ò sọ̀rọ̀ mọ́. Ó fi máíkì há abíyá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá pínnì. Ó yẹ gèlè wò, kò sí níbẹ̀. Ó gbọn ìborùn. Ó tú ìró òkè, ó fi eyín di etí ẹ̀ mú kó má baà já bọ́, ó wá kiwọ́ bọ inú tòbí. Ó yọ obì kan, ó wò ó, ó dá a padà. Ó yọ owó tó so mọ́ etí aṣọ, ó tú u, ó kà á, ó tún un so, ó dá a padà. Gbogbo ẹ̀ yìí, kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ̀ o, kò sí ìró, kò sí tòbí, ṣòkòtò jíǹsì ló wọ̀. Ó tó ìṣẹ́jú méjì tí kò fọhùn. Àwọn ìyá tó jókòó níwájú ti ń di ara wọn mú. Nígbà tó yá, ó rọra yọ pínnì yẹn jáde, ó gbé e sókè sí iná, ó ní: "Èyí tó di yẹ̀rì mi mú nìkan ni mo ní o, ọmọ mi. Tí mo bá fún ẹ, ṣé wàá bá mi di ìdí mú títí n ó fi délé?"

Ìyá ẹni 80 ọdún kan bọ́ sílẹ̀ lórí àga. Àwọn ọmọ yunifásítì ń sunkún ẹ̀rín. Torí ìyá ẹ ni, ìyá mi ni. Kò fi ìyá náà ṣe òmùgọ̀, báńkì ni kò bá a sọ èdè tó gbọ́.

Ìyá Ìjọ

Ẹ ṣáà rí i pé kò sọ ọ̀rọ̀kọrọ̀. Àwọn àgbàlagbà ò fẹ́ ọ̀rọ̀ ìdí.

Alága Ìdúró

Ìyá Ìjọ, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ ohun tójú mi ń rí yàtọ̀. Àwọn ìyá àgbà ló máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ọkọ àtìyàwó. Ohun tí wọn ò fẹ́ ni kéèyàn tú u síhòòhò. Fi òwe bò ó, wọ́n á rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àwọn ọmọdé ló máa ń tijú.

MC Ìsìnkàn

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kan iṣẹ́, torí ọ̀rọ̀ ohun tó wù wá nìkan kọ́.

MC yàtọ̀ sí aláwàdà. MC lẹni tó máa bá yín dúró láti ìgbà tí wọ́n bá gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀ títí wọ́n fi máa kó àga. Ó máa pe ìjókòó gíga, ó máa mọ orúkọ oyè, ó máa mọ ìgbà tí ońjẹ bọ́ sílẹ̀. Aláwàdà, ìṣẹ́jú 15 sí 20 ni kẹ́ ẹ fún un. Tẹ́ ẹ bá ní kí aláwàdà tó ń gbóná ṣe MC fún wákàtí márùn-ún, ọ̀rọ̀ á tán lẹ́nu ẹ̀ ní wákàtí àkọ́kọ́, àwọn àlejò yín ló sì máa bẹ̀rẹ̀ sí í fà jáde. Àìmọye ìgbà ló ti ṣẹlẹ̀ lójú mi. Nítorí náà, ẹ mú èèyàn méjì.

Ẹ má jẹ́ kí aláwàdà sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń pín ońjẹ. Tí abọ́ iyán bá ń kọjá, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ. Ẹ fi sẹ́yìn ońjẹ tààrà, kí àwọn onílù tó gorí sítéèjì. Tí bándì bá ti bẹ̀rẹ̀, owó níná ti dé, àwàdà ti parí.

Abẹ́ kánópì máa ń ba àwàdà jẹ́. Inú gbọ̀ngàn bíi The Dome ní Àkúrẹ́, òrùlé máa ń gbá ẹ̀rín padà sí àwọn èèyàn, ẹni kan rẹ́rìn-ín, ó ran ẹni kejì. Lábẹ́ kánópì, afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ. Tó bá jẹ́ kánópì lẹ máa lò ní Òdòjọmù, ẹ má jẹ́ kí tábìlì jìnnà síra, ẹ sì gbé jẹnẹrétọ̀ sí ẹ̀yìn ilé.

Ẹ má fi skíìtì tàbí fídíò ìṣẹ́jú kan mọ aláwàdà. Ìṣẹ́jú tó dùn jù ni wọ́n gé síta. Ẹ ní kó fi fídíò odidi ìgbà kan tó ṣeré ránṣẹ́, kẹ́ ẹ wo ohun tó ń ṣe nígbà tí àwàdà kan ò bá wọlé. Ẹni tó jẹ́ pé ibẹ̀ ló ti máa ń sáré lọ bú ẹni iwájú, ó ti tán lẹ́nu ẹ̀ nìyẹn.

Ará Àkúrẹ́ ní Jámánì

Tèmi yàtọ̀ sí ti gbogbo yín. Ẹni tí kì í rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ara ẹ̀ ni mo fẹ́, tó máa dúró bí ọ̀pó, tó máa sọ gbólóhùn kan, tó máa dákẹ́. Bíi Steven Wright ti Amẹ́ríkà. Bàbá mi bẹ́ẹ̀ náà ni. Á sọ̀rọ̀ kan nídìí ayò, ojú ẹ̀ ò ní yí, ọjọ́ kejì ni ẹ̀rín máa tó pa mí nílé ìwé. Àmọ́ mi ò ní mú irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ sí ọjọ́ ìbí. Agbo ńlá ò fẹ́ ẹ.

Ẹ̀rín Àrínyè

Olórin aláwàdà ńkọ́, irú Kenny Blaq? Tó bá da orin ìjọ pọ̀ mọ́ fújì, kò sí pé mo gbọ́ Pidgin, mi ò gbọ́ Pidgin. Àwọn màmá mọ orin ìjọ, àwọn ọmọ mọ ìyókù.

MC Ìsìnkàn

Ó dáa, ṣùgbọ́n ẹ rí i pé bándì yẹn mọ̀ ṣáájú. Wọ́n máa ń bínú tí ẹnì kan bá kọ́kọ́ fi orin gba agbo mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ìyá Tóbi (Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́)

Ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an. Mo fi gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ ránṣẹ́ sí àbúrò mi. Alẹ́ àná ló wá sílé. Mo rò pé ìjà ló máa bá mi jà. Kò bá mi sọ̀rọ̀ rárá, ọ̀dọ̀ Baba Tóbi ló kọjá sí ní pálọ̀, ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní òun ò rí ike omi yẹn lọ́jọ́ náà, pé ojú aláwàdà lòun ń wò.

A ti fẹnu kò. Èèyàn méjì la máa mú: MC kan tó mọ àwọn ìjòyè Oǹdó, àti ọmọkùnrin tí Ọmọ Èkìmògún sọ, tó bá lè bá mi wá nọ́ńbà ẹ̀ sínú àpótí ìkọ̀kọ̀ mi. Mo sì ti kọ orúkọ ẹni mẹ́ta tí a ò ní kó pè jáde. Màmá fúnra wọn ló sọ ẹni kẹta.

Ohun kan ló ṣẹ́ kù. Baba Tóbi ní òun fẹ́ sọ ìtàn kan lọ́jọ́ náà: ọjọ́ tóun kọ́kọ́ wá tọrọ mi lọ́wọ́ màmá, tí "ẹ kú ìrọ̀lẹ́" gba òun lákòókò tó jẹ́ pé màmá ti gbé ońjẹ kalẹ̀ kó tó parí. Mi ò gbọ́ kó sọ ọ́ rí láti ọdún 19 tá a ti fẹ́ra. Àná, a rẹ́rìn-ín, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀rù ń bà mí fún un díẹ̀. Akólòlò Kan, kí lẹ rò?

Akólòlò Kan (Ọ̀bá-Ilé)

Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́. Kí ó sọ ọ́ ṣáájú aláwàdà, kì í ṣe lẹ́yìn ẹ̀, kí etí àwọn èèyàn má tíì yára. Máíkì tó ní ọ̀pá ni kẹ́ ẹ gbé síwájú ẹ̀, kí ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì ṣófo. Kẹ́ ẹ sì sọ fún MC pé tí ọ̀rọ̀ bá há, kó má bá a parí ẹ̀.